Bàbá Ẹja

Bí wọ́n bá kó gbogbo bàbá tó ń fi ọmọ yangàn lórí fóònù jọ sójú kan, tí wọ́n ní kí ẹni tí tirẹ̀ burú jù jáde síwájú, Jórinmọ́rin ò ní jẹ́ kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ irin ló ń ṣe. Ó ń jó ilẹ̀kùn, ó ń jó fèrèsé, ó ń tún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì onírin tí àwọn tọkọtaya bá fi ìfẹ́ dá jó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kì í dárúkọ irin. Á fa fóònù yọ nínú àpò ṣòkòtò tí iná ti jó níhò, á ní, "Wá wo ọmọ mi ná."

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Lọ́yà ló ń pè é, nítorí pé láti ìgbà tí ọmọ náà ti lanu sọ̀rọ̀, kò tíì jẹ̀bi ẹjọ́ kankan nínú ilé. Ní Ọjọ́rú, Lọ́yà a lọ kọ́ fèrè. Ohùn tó ń tinú fèrè náà jáde dà bí igbe ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há mọ́ nírù, ṣùgbọ́n Jórinmọ́rin á gbà á sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ gbọ́ bí áńgẹ́lì ṣe ń mí." Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀kọ́ àfikún ló kàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ọmọ gbin ẹ̀wà sórí òwú nínú ìgò. Jórinmọ́rin ń ya fọ́tò ẹ̀wà náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí ẹni pé ẹ̀wà ọ̀hún ń múra ìgbéyàwó.

Sátidé ni ọba gbogbo wọn. Sátidé ni ọjọ́ ìlúwẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe afẹ́ lásán ló ń mú un ya gbogbo fọ́tò yìí o. Ìyá Lọ́yà ti bá awakọ̀ akẹ́rù kan lọ nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín, kò sì bojú wẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n Jórinmọ́rin obìnrin ti dójú lé ọmọ yìí. Gómìnà ni gbogbo ẹbí ń pe ẹ̀gbọ́n náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dìbò fún un. Bó bá wúkọ́ nílé rẹ̀, ọkọ rẹ̀ á dìde dúró. Ọ̀nà jíjìn ló ń gbé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dé.

"Ọkùnrin tí kò níyàwó, kí ló mọ̀ nípa títọ́ ọmọbìnrin?" Báyìí ló ṣe sọ ọ́ lórí fóònù nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ tí o ò lè tọ́jú ìyàwó, ọmọ lo fẹ́ tọ́jú! Bí wọ́n bá ti gba ọlidé ńlá báyìí, màá wá kó ẹrù rẹ̀. Àyàfi tí mo bá fojú ara mi rí i pé ó ń di nǹkan gidi lọ́wọ́ rẹ."

Ìdí rèé tí Jórinmọ́rin fi ń ya fídíò bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí Gómìnà bá fẹ́ rí i, á rí i títí tí ojú á fi máa dùn ún.

Ọ̀rọ̀ ojú náà ló wá di wàhálà. Iná irin ti jẹ díẹ̀ nínú ojú Jórinmọ́rin. Ohun tó bá sún mọ́ ọn, ó rí i kedere. Èyí tó bá jìnnà, á máa wò ó bí ẹni tó ń wo ayé gba inú ooru ìkòkò. Dókítà ojú ní kó ra awò. Ó ní awò kì í ṣe fún ọkùnrin tó ṣì ń wá ìyàwó.

Ilé ìlúwẹ̀ẹ́ náà kò sì gba òbí láàyè létí omi, nítorí pé ìyá kan ti bẹ́ sómi rí tòun ti báàgì àti bàtà, ó ní ọmọ òun ń kú lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ọ̀hún ń ṣeré ni. Òkè ni wọ́n to àga òbí sí, lẹ́yìn gíláàsì tí ooru máa ń bò. Nísàlẹ̀, gbogbo ọmọ ló dé fìlà rọ́bà pupa, gbogbo wọn ló wọ gọ́gù dúdú tó bo ojú. Wọ́n jọra bí ẹyin adìẹ. Sátidé àkọ́kọ́, Jórinmọ́rin na ọrùn, ó ń wá ọmọ rẹ̀ nínú ẹyin wọ̀nyí títí tó fi rí ọ̀kan tó ga bí Lọ́yà, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí Lọ́yà. Ó juwọ́ sí i. Ọmọ náà ò dá a lóhùn. Sátidé kejì, ó tún juwọ́. Ọmọ náà ò tún dá a lóhùn, ó bẹ́ sómi.

Háà! Ẹ wo ọmọ! Bí sísọ́ọ̀sì mímú ṣe ń la aṣọ síliki ló ṣe ń la omi lọ. Kí àwọn yòókù tó pọ omi tó wọ̀ wọ́n lẹ́nu dànù, ó ti fọwọ́ kan ògiri. Àwọn ọmọ tó wà létí omi ń pariwo, "Ẹja! Ẹja!" Omi bọ́ lójú Jórinmọ́rin. Ó fi fídíò náà sórí gúrúùpù ẹbí, ó tún fi sórí gúrúùpù àwọn òbí ọmọ ìlúwẹ̀ẹ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé, "ẸJA MI RÈÉ O!" Láti ọjọ́ náà ni àwọn òbí tó kù ti sọ ọ́ ní Bàbá Ẹja.

Gómìnà pàápàá fèsì. Ó ní, "Hùn. Tó bá jẹ́ báyìí ni, kó ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ ná."

Láti Sátidé kẹta, bó bá ti juwọ́, ọmọ náà á juwọ́ padà. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ba fídíò rẹ̀ jẹ́. Ọmọ kan wà nísàlẹ̀ tí kóòṣì tó ń kọ́ wọn gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń wẹ̀, ọmọ yìí á máa ké bí ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò: "Ó ti yà á! Ó ti yà á o! Èyí tó wà lẹ́yìn yẹn, ṣé o ń wẹ̀ ni àbí o ń fọ aṣọ?" Ohùn náà á lu ògiri, á lu gíláàsì, á wá jáde nínú fóònù bí ìgbà tí wọ́n ń lọ òkúta. Jórinmọ́rin kọ ọ́ sábẹ́ fídíò kan pé, "Ẹ má bínú sí ariwo yẹn. Ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé ni." Ọ̀pọ̀ òbí gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹnì kan wà lórí gúrúùpù náà tí kì í bá wọn bú ọmọ aláriwo, tí kì í fi àtẹ́wọ́ tàbí òdòdó ránṣẹ́ bíi ti àwọn tó kù. Ìyá Alágbàfọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ ló ní, kò sì lè wá síbi ìwẹ̀ láé, nítorí pé Sátidé ni gbogbo ayé máa ń rántí pé aṣọ àwọn dọ̀tí. Bí Jórinmọ́rin bá ti fi fídíò síta, kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan, obìnrin yìí á ti kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá Ẹja. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí èyí tó gùn jù báyìí lọ?"

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀. "Ṣé ó jẹun kó tó wọ omi?" "Ó dà bí ẹni pé ó ń tiro, ṣé kò fẹsẹ̀ gbá nǹkan?" "Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tó gbégbá orókè, ṣé ó rẹ́rìn-ín?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ọkùnrin tó ti ń dá sùn látọjọ́ yìí á fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ọkàn rẹ̀ yọ́ bí irin tí iná kàn. Ó ń ka ọ̀rọ̀ obìnrin náà bó bá jí, ó ń kà á bó bá fẹ́ sùn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé obìnrin tó ń ro ti ọmọ ọlọ́mọ báyìí, bàbá ọmọ ló ń fojú sí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mú màlúù, ọmọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fà. Kò sẹ́ni tó pa òwe bẹ́ẹ̀ rí, òun ló dá a sílẹ̀, ó sì gbà á gbọ́.

Ọjọ́ kan, Ìyá Alágbàfọ̀ kọ̀wé pé irin tóun ń gbé aṣọ kọ́ ti dá. Kó tó kọ ọ́ tán, Jórinmọ́rin ti wẹ̀, ó ti fi ìpara pa ojúgun, ó ti gbé ẹ̀rọ ìjórin sórí ọmọlanke.

Ṣọ́ọ̀bù náà gbóná bí inú ààrò. Aṣọ funfun rọ̀ sókè bí ìkúukùu, ooru áyọ́ọ̀nù ń sá láàárín wọn, obìnrin náà sì yọ sí i láti inú ìkúukùu ọ̀hún. Ó kún dáadáa níbi tó yẹ kí obìnrin kún. Òógùn ń dán lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Jórinmọ́rin gbàgbé orúkọ irin iṣẹ́ tó mú dání.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ẹja," obìnrin náà wí. Ẹ̀rín kan wà létè rẹ̀, bí ẹ̀rín ẹni tó jẹ ata tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Irin wo ló ń yọ yín lẹ́nu tí mi ò ní jẹ ẹ́ níyà?"

"Ó wà lókè yẹn. Ṣùgbọ́n Ẹja ńkọ́? Ó wúkọ́ nínú fídíò Sátidé tó kọjá."

"Ikọ́ kẹ̀? Èmi tí mo wà níbẹ̀ ò gbọ́ ikọ́."

"Etí ìyá..." Ó gé e kúrú, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ. "Etí obìnrin ò jọ tọkùnrin."

Jórinmọ́rin gun àga, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó ṣí ìbòjú irin, ojú rẹ̀ bọ́ sí ara ògiri. Fọ́tò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi fírémù gidi sí. Ọmọ kan ni, ó dé fìlà pupa, ó wọ gọ́gù dúdú, omi ń ta yí i ká. Inú fídíò rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́! Ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun yà!

"Ta... ta lẹ gbé kọ́ síbẹ̀ yẹn?"

Obìnrin náà ò gbójú sókè. "Ọmọ tí mo fẹ́ràn jù láyé ni," ó wí jẹ́jẹ́.

Díẹ̀ ló kù kí Jórinmọ́rin jó ìka ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Ṣé irú ìfẹ́ báyìí wà ní ayé? Kí obìnrin máa gbé fọ́tò ọmọ ẹni kọ́ ògiri kó tó gbé ti ẹni kọ́? Ó kọ owó iṣẹ́. Ó ta ẹsẹ̀ mọ́ apẹ̀rẹ̀ aṣọ nígbà tó ń jáde, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ apẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá ní tábìlì ń wò ó tìyanutìyanu.

"Dádì, kí lẹ ń rò?"

"Oúnjẹ ni mò ń rò."

"Ìkòkò yẹn òfo ni o."

Jórinmọ́rin wo inú ìkòkò. Òótọ́ ni. "Mò ń dán síbí wò ni."

"Obìnrin ni," Lọ́yà wí, ó ń gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó mọ oúnjẹ sè o. Èmi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Inú rẹ̀ dùn débi pé kò bínú. Ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n kéde ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́. Ó fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí fóònù lè dé, ó ní, "Ẹja mi máa fi omi yín mu ẹ̀kọ!" Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí Gómìnà pè.

"Mò ń bọ̀," Gómìnà wí.

"Ẹ... ẹ ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo ní mo fẹ́ fojú ara mi rí i, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Fóònù kì í ṣe ojú mi. Bó bá wẹ̀ bó ṣe ń wẹ̀ nínú fídíò yẹn, mi ò tún ní bá ọ sọ ọ́ mọ́ láyé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń padà." Ó pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Jórinmọ́rin nínú. Ṣé ẹja á dómi kó gbàgbé ìwẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ fún Lọ́yà, pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Láti ọjọ́ náà ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Inú ń run ún. Orí ń fọ́ ọ. Ní Jímọ̀, ó ní orúnkún ń dun òun.

"Ìwọ dákẹ́ jàre," bàbá rẹ̀ wí. "Ta ló rí orúnkún lára ẹja rí?"

Lọ́jọ́ ìdíje nìkan ni wọ́n máa ń jẹ́ kí òbí sọ̀kalẹ̀ wá sétí omi. Jórinmọ́rin tètè dé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Ìyá Alágbàfọ̀ bá a lọ̀. Gómìnà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá ẹ̀ṣọ́ jà pé kò sẹ́ni tó máa yẹ báàgì òun wò. Àwọn ọmọ ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Jórinmọ́rin rí ẹja rẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kíá láti súre fún un.

"Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ mi, lọ dójú ti omi yẹn fún mi!"

Ọmọ náà ká gọ́gù sókè. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Àlàfo tó wà láàárín eyín iwájú rẹ̀, ọmọ ejò lè gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí àlàfo lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé Jórinmọ́rin. Kì í ṣe ojú Lọ́yà. Kì í ṣe imú Lọ́yà.

"Ìwọ... ta ni ọ́?"

"Èmi ni Ẹja, sà."

"Ẹja ta ni?"

"Ẹja màmá mi."

Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn kan dún tó gba gbogbo ilé náà kan, tó lu ògiri, tó lu òrùlé: "DÁDÌ, Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ PARIWO, ÀṢÍRÍ MÁA TÚ!" Gbogbo òbí yíjú. Lọ́yà ló dúró níbẹ̀, gbohùngbohùn lẹ́nu, ó gbàgbé pé òun ti tàn án. Ara rẹ̀ gbẹ bí ìyàngbẹ ilẹ̀.

Jórinmọ́rin fà á lápá lọ sẹ́yìn òpó. "Ìwọ ni ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ló kà á. Èmi náà kà á."

"O ò wọ omi rí?"

"Mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó gba imú mi wọlé. Mo rí ọ̀run, Dádì, àyè ò sí níbẹ̀, mo bá padà. Kóòṣì ní kí n jókòó, kí n máa kígbe fún àwọn tó ń wẹ̀."

"Aṣọ ìwẹ̀ tí mò ń sá ńkọ́, tó máa ń tutù?"

"Abẹ́ ẹ̀rọ omi ni mo ti ń rẹ ẹ́." Ojú Lọ́yà wálẹ̀. "Mo fẹ́ sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbé e síta pé ẹja ni mí, Àǹtí Gómìnà sì fèsì pé, tó bá jẹ́ báyìí, kí n ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Kí ni kí n wá sọ? Mo bá lọ bá Ẹja. Mo ní bó bá ti rí ọkùnrin kan lókè tó ń juwọ́ bí ẹni tí oyin ń lé, kó juwọ́ padà. Bisikíìtì mi ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́."

Jórinmọ́rin jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Ó ti ń gbé ẹjọ́ ro lọ́dọ̀ Gómìnà látọjọ́ yìí, ọmọ ẹlòmíràn ló fi ṣe ẹlẹ́rìí.

"Ẹ dìde nílẹ̀, omi wà níbẹ̀," ohùn jẹ́jẹ́ kan wí lókè orí rẹ̀.

Ìyá Alágbàfọ̀ ni. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ Sátidé, ohun tí kò ṣe rí. Aṣọ tó wọ̀, eṣinṣin á yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀. Ó wo Jórinmọ́rin, ó wo Lọ́yà, ó wo ọmọ eléyín àlàfo tó ń nara létí omi lọ́hùn-ún. Nígbà náà ni fọ́tò ara ògiri yí padà lójú Jórinmọ́rin.

"Ọmọ yín ni," ó wí.

"Ọmọ mi ni, Bàbá Ẹja."

"Ẹ mọ̀ látọjọ́ yìí, ẹ sì ń pè mí bẹ́ẹ̀!"

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èébú ni mo fẹ́ kọ. Mo ti kọ ọ́ tán pàápàá, ó gùn, mo bú u dé ọ̀dọ̀ ìyá yín. Kí n tó fi ránṣẹ́ ni ọmọ mi fọwọ́ kan ògiri." Ó nu ojú. "Mi ò rí i níbi tó ti ń wẹ̀ rí. Aládùúgbò ló ń mú un wá. Mo ṣáà ń wò ó títí tí mo fi jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ báǹkì kan. Bí mo bá bú yín, ẹ ò ní yà á mọ́. Mo bá pa èébú náà rẹ́, mo ní kí ẹ fi èyí tó gùn ránṣẹ́."

Lọ́yà já lù wọ́n. "Àǹtí ń bọ̀! Ẹ gbọ́, mo ti tò ó. Bí Ẹja bá ti jáde nínú omi, kò ní ṣí fìlà, kò ní ká gọ́gù. Ọ̀dọ̀ Dádì ló máa sáré wá. Ojú Àǹtí ò sàn ju ojú yín lọ."

"Ẹ yá a," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. "Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ọmọ kì í gbó. Ẹ ti fi tèmi hàn mí látọjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kémi náà yá yín. Màá dúró sẹ́yìn òpó yìí, kó má baà rí mi." Ó sì fara pamọ́ lóòótọ́.

Gómìnà jókòó ti àbúrò rẹ̀, àga kérora. "Èwo ni tiwa?"

Jórinmọ́rin nàka sí fìlà pupa kan.

Fèrè dún, àwọn ọmọ bẹ́ sómi, gbohùngbohùn sì bẹ̀rẹ̀: "Wọ́n ti gbéra o! Ẹja ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ń jẹ omi bí ẹni tí ebi ń pa! Ìwọ tó wà lápá òsì, ilé ò sí lọ́hùn-ún, yà bọ̀ níbí!" Àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ara wọn mú.

"Ọmọ ta ni eléyìí?" Gómìnà bèèrè. "Ẹnu rẹ̀ kì í rẹ̀ ẹ́ ni?"

Ẹja ti fọwọ́ kan ògiri. Ilé náà hó yèè. Ọmọ náà gun àtẹ̀gùn jáde, kò ṣí fìlà, kò ká gọ́gù, ó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin tí wọ́n ní kó sáré bá, ó la apá méjèèjì. Gómìnà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tó kù kò ju kí Jórinmọ́rin la apá tirẹ̀ lọ, ọmọ rẹ̀ á sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ayé.

Ó gbójú sókè. Lẹ́yìn òpó lọ́hùn-ún, obìnrin kan na ọwọ́ méjèèjì síwájú láìmọ̀, ó tún fà wọ́n padà, ó ki wọ́n bọ abẹ́ apá bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó jìnnà. Ooru omi ń gòkè láàárín wọn. Síbẹ̀ Jórinmọ́rin rí ọwọ́ méjèèjì kedere.

Ó di ọmọ náà mú léjìká, ó yí i padà. "Kì í ṣe èmi, ọmọ dáadáa. Wo ẹ̀yìn òpó yẹn."

Ẹja wò ó. Ó fa gọ́gù já. Igbe tó ké kò nílò gbohùngbohùn: "Màmá mi! Màmá mi wá!" Ó fi ara tútù kọlu aṣọ líle tí wọ́n lọ̀ dán yẹn, àwọn méjèèjì sì ń sunkún lára wọn bí ẹni pé omi tó wà nílẹ̀ kò tó.

"Kí ni mò ń wò yìí?" Gómìnà ti dìde. "Ọmọ wa ti lọ dì mọ́ ará ìta!"

"Kì í ṣe ọmọ wa, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èwo wá ni tiwa?"

Jórinmọ́rin nàka sí gbohùngbohùn. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́: gíláàsì, ojú rẹ̀ tó ti bà jẹ́, awò tó kọ̀ tí kò rà. "Ọmọ wa ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Omi ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀yin náà sì ń bà á lẹ́rù. Nínú méjèèjì, ẹ̀yin lẹ le jù."

Gómìnà fọhùn tagbáratagbára. "Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìwọ tú ìlẹ̀kẹ̀ kúrò nídìí ọmọ rẹ, o so ó mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, o wá ya fọ́tò ìdí ọ̀hún kiri ayé! Ìwọ, gbé nǹkan yẹn kalẹ̀ kí o máa bọ̀ níbí!"

Lọ́yà wá. Kò gbé e kalẹ̀.

"O purọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, ma."

"Èmi?"

"Ẹ ní bí mi ò bá mọ nǹkan kan ṣe, ẹ máa mú mi lọ. Dádì ló ń dirun mi, ó máa ń wọ́ bí ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n ó ń dì í. Dádì ló ń gbọ́ fèrè mi láìdi etí. Ẹ ò bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ wa. Ìwẹ̀ lẹ bèèrè. A ò ní ìwẹ̀ nílé, ma, mo bá lọ yá a."

Àwọn òbí tó wà nítòsí ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n sì ń sún mọ́ tòsí. Gómìnà wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti dá a lóhùn kẹ́yìn.

"Ṣé bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé nìyí?" ó bi àbúrò rẹ̀.

"Ojoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Láàárọ̀ náà?"

"Kó tó fọ eyín pàápàá."

Gómìnà jókòó padà. Ó ro ilé rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹnu ti ń dúró de ẹnu rẹ̀. "Mi ò lè mú eléyìí lọ," ó wí níkẹyìn. "Ọkọ mi ti dákẹ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá gbọ́ irú èyí, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fèsì. Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ. Ìwọ lo bí i, ìwọ ni kó máa dá lẹ́jọ́."

Lọ́yà so mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, gbohùngbohùn gbá bàbá lórí, kò sì ké. Ìyá Alágbàfọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn, omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Gómìnà kọjú sí i, nítorí pé kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láì fi ẹnikẹ́ni jẹ oyè.

"Ìwọ, ṣé o lọ́kọ?"

"Rárá, ma."

"Mo rí bí ẹ ṣe ń wo ara yín. Má sọ pé mi ò kìlọ̀ fún ọ o: àbúrò mi yìí ò ríran."

Obìnrin náà fún etí aṣọ rẹ̀ kí omi dà nù. Ó wo Jórinmọ́rin, ẹ̀rín ata yẹn tún wà létè rẹ̀.

"Ó rí mi lẹ́yìn òpó, ma," ó wí.